Búrẹ́dì Bíbu Àwọn Ará Gíbéónì

Ọ̀rọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ má sì rò pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Alimosho wa yìí, láti Ikotun dé Igando, láti Egbeda dé Iyana Ipaja, ló ti sunkún lórí rẹ̀.

Bó ṣe máa ń rí rèé. Màmá kan jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, iṣẹ́ kan wọlé lórí WhatsApp láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mà. À ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé àdúrà orí fóònù. Nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé fún yín nísinsìnyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kíákíá." Àwòrán akọ̀wé ló wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà náà wọlé lóòótọ́, màmá sì fi ránṣẹ́. Kí ó tó ta ọjà kan sí i, kò lè wọ WhatsApp rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe akọ̀wé ló kọ̀wé. Àwọn gbájúẹ̀ ti gba ti akọ̀wé fúnra rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ní báyìí, orúkọ màmá ni wọ́n ń lò. Wọ́n kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn pé òun wà nílé ìwòsàn, kí ó fi N50,000 ránṣẹ́ kíá. Wọ́n polówó òwò sogún-dogójì fún ẹgbẹ́ akọrin pé ẹni tó bá fi N20,000 sílẹ̀ láàárọ̀ yóò gba N100,000 kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì fi kún un pé, "Èmi fúnra mi ti gba tèmi, ògo ni fún Ọlọ́run." Ẹ wo bí wọ́n ti fi orúkọ Ọlọ́run polówó olè!

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa: nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí WhatsApp yín lórí fóònù mìíràn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí yín, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹ má fi han ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti báǹkì. Láti 2014 tí Báǹkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà 11 yẹn, ni àwọn oníjìbìtì ti ń pè wá pé wọ́n fẹ́ ti àkántì wa pa, àfi kí a tètè ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún wọn. Báǹkì kankan kì í pe oníbàárà kó béèrè PIN rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹ rántí àwọn ará Gíbéónì nínú ìwé Jóṣúà, orí kẹsàn-án. Ìtòsí ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n wọ́n wọ bàtà àlẹ̀mọ́, wọ́n gbé búrẹ́dì tó ti gbẹ tó sì ti bu dání, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn làwọn ti wá. Àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì yẹ búrẹ́dì wò, wọ́n gbà pé òótọ́ ni, wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àṣírí tú, májẹ̀mú sì ti dè wọ́n. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò o! Ohun tí ẹlẹ́tàn gbé wá fúnra rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Àwòrán akọ̀wé lórí WhatsApp, búrẹ́dì bíbu ni. Orúkọ báǹkì yín lẹ́nu àjèjì, búrẹ́dì bíbu ni. Ẹ kúrò lórí ohun tí wọ́n fi hàn yín, kí ẹ pe akọ̀wé lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, tàbí kí ẹ rán ọmọ lọ sílé rẹ̀ ní Akowonjo.

Ohun kan wà tí inú mi kò dùn sí. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, gbólóhùn tí à ń gbọ́ nínú ìjọ ni pé, "Ojúkòkòrò ló fà á." Fún àwọn tó kó owó sínú MMM kó tó ti owó wọn pa ní oṣù Kejìlá 2016, tàbí CBEX tó dẹnu kọlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, bóyá ó bá àwọn kan wí, kì í sì í ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n màmá tó fi nọ́ńbà ránṣẹ́ nítorí ìpàdé àdúrà, ojúkòkòrò wo ló ṣe? Ìgbọràn ló ṣe. Nínú ìjọ, ẹni tó bá tètè dáhùn là ń yìn, ẹni tó bá béèrè ìbéèrè là ń pè ní alágídí. Gbájúẹ̀ mọ èyí ju àwa lọ. Ìtìjú náà sì ń pani ju owó lọ: kò ní lè jẹun, kò ní lè sùn, a kò ní rí i nílé ìsìn mọ́, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń fún olè láyè. Bó bá ti kígbe ní wákàtí àkọ́kọ́, àwọn ará kò ní fi owó ránṣẹ́, báǹkì sì lè tètè dá owó tó kù dúró.

Nítorí náà, bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tún fi nọ́ńbà fóònù yín ṣí WhatsApp padà. Nọ́ńbà mẹ́fà tuntun yóò wọlé, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, olè yóò jáde. Bó bá ti fi nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ ti ibẹ̀, ẹ ó dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó lè wọlé, ṣùgbọ́n òun náà ti bọ́ síta. Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó ń dún létí yín láàárín ìfọkànsìn òwúrọ̀, ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Kò lè dá gbájúẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n yóò dín ariwo kù.

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ kéde rẹ̀ pé ìjọ yín kò ní béèrè nọ́ńbà kankan tó wọlé sórí fóònù ọmọ ìjọ láé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, ẹ jókòó ti ìyá yín, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà àṣírí kejì sí WhatsApp, kí ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà tó wù ú. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ o.