Ẹ sọ fún adójútòfò kí ẹ tó pààrọ̀ ríìmù

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká jọ sọ. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ra ọkọ̀ tí a fẹ́ fi kó ọjà, Ládípọ̀ la máa ń kọ́kọ́ gbé e lọ. A ó yọ ríìmù tó bá ọkọ̀ wá, a ó fi èyí tó tóbi, tó ń dán, sí i. Mi ò ní kí ẹ má ṣe ọkọ̀ yín lọ́ṣọ̀ọ́ o. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò?

Àdéhùn ni ìwé tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ tí ẹ júwe fún wọn ni wọ́n gbà láti dúró fún. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, aṣojú wọn á wá wo ọkọ̀ náà tàyàtàyà. Bó bá rí i pé ẹ ti yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà láìsọ, tí táyà náà kò sì lè gbé ẹrù tí ẹ dì, ẹ ti fún wọn ní àwíjàre nìyẹn. Ọkọ̀ á bàjẹ́, owó kò sì ní jáde.

Ẹlòmíràn á ní third party ni tòun. Third party tí òfin sọ di dandan kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ₦20,000 ni àjọ NAICOM fi ti ọkọ̀ tí oníṣòwò fi ń kó ọjà ara rẹ̀ sí, ₦5 mílíọ̀nù sì ni òpin ohun tí wọ́n ń san lórí dúkìá ẹlòmíràn. Èyí tó bá lé, ọrùn yín ló wà.

Ẹ máa ka ara táyà kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá rí 91 lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀, kílò 615 ni táyà kan lè gbé. Bí nọ́ńbà ọjọ́ orí rẹ̀ bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí táyà bá sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eré tí ọkọ̀ ń sá á ju èyí tí aago iwájú awakọ̀ ń sọ lọ. Ẹ ó rò pé ẹ ò rú òfin, FRSC á sì dá yín dúró.

Ẹ kọ lẹ́tà sí adójútòfò yín, kí ẹ gba èsì lórí ìwé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó díẹ̀ kún un, ẹ san án. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Kí tiwa má jẹ́ ìgbẹ̀yìn.