Fágúnwà Kọ́ Ni Ẹnu Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká jọ sọ láìfepo-bọyọ̀. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá, ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá mélòó la ti kà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn?

A ò sọ pé àkópọ̀ ìtàn o. Bí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí fọ́tòkọ́pì ojú ewé mẹ́rin tí yóò máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn: ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, kókó ọ̀rọ̀, ìlò èdè. Ẹni tó bá há a sórí yóò yege. Ìwó tí a wà yìí, ilé odídẹrẹ́ ni. Ẹyẹ náà níyì púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá máa ṣe bíi tirẹ̀, kó kàn máa tún ohun tí wọ́n bá sọ sí i létí sọ.

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wá, wọ́n ní fóònù ti gbà wá lọ́kàn. A ò gbà. Àwọn tí wọ́n ń bú yìí kan náà ń ka ìtàn gígùn lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Lójú tiwa, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú wa wọlé ni kò rọrùn. Fágúnwà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ gbólóhùn rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ ń gun orí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń dúró láàárín ìtàn kó wàásù. Ẹni tó bá ti mọ adùn rẹ̀ kì í fẹ́ kó tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti jẹ́léósinmi, tí kò tíì ka ìwé Yorùbá kankan tán rí, kò ní í dé ojú ewé kẹwàá kó tó sá. Ìdí àkópọ̀ ló ń sá lọ, tàbí kó lọ wá èyí tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì lọ bá Fágúnwà!

Àwọn olùkọ́ á ní ìpìlẹ̀ ni Fágúnwà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba ìpìlẹ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà là ń gbà.

Ẹnu ọ̀nà tí àwa mọ̀ ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1974. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni Àjàní. Ó ń kàwé, ó ń wá ẹni tí yóò fẹ́, ojú sì ń kán ìyá rẹ̀ láti rí ìyàwó ọmọ. Ta ni kò mọ irú rẹ̀ láàárín wa? Ọ̀pọ̀ mọ Ólékú gẹ́gẹ́ bí ìró tó mọ sórúnkún, àwọn mìíràn mọ fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997. Ìwé gan-an ni wọn ò mọ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Lápàdé, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn níbẹ̀. Mẹ́rin la jẹ tí a jọ ka ẹ̀dà kan ṣoṣo ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. A ṣòfin pé ẹni tó bá sọ ohun tó ń bọ̀ níwájú fún ẹni tí kò tíì kà á débẹ̀, òun ni yóò ra gúgúrú. Ẹnì kan ra gúgúrú lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ìwé náà tó tán, òwe inú rẹ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó há a sórí.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan nínú wa tó ti pa Fágúnwà tì láti ọdún àkọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ ní ká gbé e wá. Kíkà sókè la kà á. Ó ṣe tán, nínú ìwé náà, ẹnu ni Àkàrà-oògùn fi ń sọ ìtàn, tí èrò sì ń pọ̀ sí i bí ilẹ̀ ti ń mọ́. Gbólóhùn tó gùn lójú kò gùn lẹ́nu. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti ń wá láti yàrá kejì, wọ́n ń bèèrè pé níbo lẹ bá ọdẹ yẹn dé.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ni pé púpọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́. Ẹni tí kò ka ìwé tán, kí ni yóò gbé fún ọmọ ọlọ́mọ? Àkópọ̀ àkópọ̀ ni.

Nítorí náà, a bẹ àwọn olùkọ́ wa: ẹ jẹ́ kí ọdún àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìṣọ̀lá tàbí Òkédìjí. Nínú ìdánwò, ẹ já ojú ewé kan síwájú wa, kí ẹ ní ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, àwọn ìwé tó wà nínú páálí nílé yín, ẹ kó wọn wá fún wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ mú ìwé kan ṣoṣo ní sáà yìí, kí ẹ kà á tán. Bí ẹ bá sì mọ ẹnu ọ̀nà mìíràn tó sàn ju èyí tí a dárúkọ lọ, ẹ wí tiyín, a ó gbọ́.