Ẹni Tó Tì Ìsọ̀ Ìjọba Pa, Kó Yọ̀ǹda Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ tí wọ́n tì pa nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ sẹ́bàá títì la gbé dé.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọjà àti ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgó-Ìwòyè wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú. Ti Ogun Waterside wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó fìkàlẹ̀ sí Abìgì.

Ìlú mìíràn ti gbìyànjú láti dá irú ìtìpa yìí dúró. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí owó orí lórí ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣófo ju ọjọ́ 182 lọ lọ́dún. Ọdún 2020 ni. Àwa kò gbọ́dọ̀ kàn ṣe àwòkọ rẹ̀. Ìdí ni pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo bá lọ ìsinmi, ọjà Àgó-Ìwòyè a dá. Ẹni tí àìtà mú kó ti ilẹ̀kùn kò yẹ fún ìyà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìsọ̀ ìjọba, tó tì í pa, tó ń retí ẹni tí yóò háyà á lówó gọbọi, ń fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ṣòwò. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ka gbogbo ìsọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, kí ó fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbèdéke oṣù mẹ́fà. Bí wọn kò bá ṣí i, kí ó gbé e fún ọlọ́jà tí oòrùn ń pa.