Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Kàn Án

Ní ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, ọmọ iṣẹ́ kì í fi ojú lásán kọ́ iṣẹ́ mọ́tò. Á tú ẹ́ńjìnnì, á fi pẹtiróòlù fọ gíríìsì kúrò lára písítìnì, á sì tún un tò títí yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí kan náà bá wọ musíọ́mù, “má fọwọ́ kan nǹkan” ni wọ́n sábà máa ń sọ fún un.

Ó yẹ kí ìyẹn yí padà. Fífi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí iṣẹ́ ọnà wa.

Kenneth Murray, tó ṣaájú iṣẹ́ tó bí Musíọ́mù Oníkàn lọ́dún 1957, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni. Oníṣẹ́ ọnà Ben Enwonwu wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní Òṣogbo, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962. Georgina Beier kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ní 1964: ọ̀dà ló gbé fún wọn, kò ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládìpọ̀, wà lára wọn. Àwòrán onílẹ̀kẹ̀ ló wá sọ ọ́ di olókìkí.

Kí ère àtijọ́ wà nínú gíláàsì rẹ̀. Àmọ́ kí yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ní tábìlì, amọ̀, àti jíà, ṣéènì òun pulọ́ọ̀gì tó ti kú láti ọjà Ládìpọ̀. Dotun Popoola ń fi irú irin àlòkù bẹ́ẹ̀ ṣe ère ẹranko. Kí wọ́n pe àwọn wẹ́dà Mushin wá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà láti Yaba Tech sì máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Sátidé.