Dẹ́kì tó ń jò: Oòrùn ló ń ba felt jẹ́, òjò ló ń tú àṣírí onílé

Bí òjò bá ti ṣú nírọ̀lẹ́ n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ máa mọ onílé tó fi dẹ́kì ṣe òrùlé. Aládùúgbò rẹ̀ tó kan páànù ò lè gbọ́ rédíò nítorí ariwo òjò, ṣùgbọ́n ó ń sùn. Ẹni tó da dẹ́kì ni kò sùn, báàfù ló ń gbé láti pálọ̀ dé yàrá.

L'Àgọ́-Ìwòyè, látìgbà tí fásitì ti débẹ̀ lọ́dún 1982, èyí tí wọ́n sọ ní Ọlábísí Ọnàbánjọ lọ́dún 2001, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti di òwò gidi. Onílé mìíràn á da dẹ́kì sókè, á ní bówó bá tún dé, òun á gbé e gòkè sí i. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ayálégbé tí òjò ń bá lórí bẹ́ẹ̀dì ò ní í san owó ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó burú jù ni pé omi tó wọ kọnkéré á mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà, á wú, kọnkéré á sì máa ya jábọ́. Ìyẹn ti kọjá jíjò, ó ti dọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Onílé á ní, "Bíríkìlà, bá mi fi ọ̀dà dúdú kùn ún, kó má wọ́n jù." Bíríkìlà á ní, "Ẹ má mikàn, Bàbá." Kò ní í pẹ́ tí oòrùn á yan ọ̀dà náà, á gbẹ, á sán.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra felt, ẹ béèrè èyí tí wọ́n po APP mọ́, ó ń fara da oòrùn ju ti àtijọ́ lọ. Èyí tó máa wà lókè pátápátá, kó ní òkúta wẹ́wẹ́ lára.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí felt kì í lẹ̀ mọ́ ibi tó lómi. Kí kọnkéré tuntun pé ọjọ́ 28, kó sì gbẹ. Nínú mítà kan, ó yẹ kí dẹ́kì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 dagẹ̀rẹ̀ síbi tómi ń gbà jáde. Ẹ gbá a, ẹ fi primer kùn ún. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí felt òkè lè gorí ti ìsàlẹ̀. Kí ẹ̀gbẹ́ gun ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kó sì gun ògiri etí dẹ́kì ní 15. Ìpele méjì ló dáa. Iná gáàsì ni wọ́n fi ń yọ́ ọ mọ́lẹ̀, kí ohun tí wọ́n fi ń paná wà nítòsí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó iṣẹ́ tán, ẹ dí ojú ọ̀nà omi, ẹ da omi sórí dẹ́kì fún wákàtí 24. Bí pálọ̀ bá gbẹ, bíríkìlà jẹ owó rẹ̀.

Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni pé bitumen yìí wà nínú ilẹ̀ Ògùn Waterside. Ilẹ̀ tó ní in gùn tó kìlómítà 120, ó gba Oǹdó dé Ẹdó. Láti 1908 ni Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́lẹ̀ lágbègbè yẹn, títí ogun àgbáyé fi dá wọn dúró lọ́dún 1914. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń ra bitumen wá láti òkè òkun.

Bí felt bá ti wà ńlẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má kan ìṣó dish mọ́ ọn o. Kí wọ́n sì máa kó ewé kúrò lójú ọ̀nà omi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ilé tí wọ́n fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.