Ọ̀nà Òkè Appalachia: Ká Rìn Ín Tán Lẹ́ẹ̀kan, àbí Ká Máa Gé E Rìn?

Láti Òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ń gba orí òkè àti inú igbó kọjá ní ìpínlẹ̀ 14 ní Amẹ́ríkà kó tó dé Òkè Katahdin ní Maine. Ó lé ní 3,500 kìlómítà. Ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sára igi àti àpáta ni wọ́n ń wò rìn. Àwọn kan ń fi oṣù márùn-ún sí méje rìn ín tán láìpadà sílé. Àwọn mìíràn ń gé e rìn, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ méjì lámọ́dún, títí yóò fi parí. Àríyànjiyàn lórí èwo ló dáa jù kì í tán láàárín wọn.

Àwọn arìntán ní ẹjọ́ gidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ á bó, orúnkún á máa ro èèyàn. Ẹni tó bá fara dà á, ara rẹ̀ á le, á sì máa rin kìlómítà 25 lóòjọ́ bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ẹni tó ń gé e rìn kì í jẹ àǹfààní yìí pẹ́: ìgbà tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọn ni ìsinmi tó gbà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń tán, ìyà ẹsẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nígbà tó bá padà wá. Owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, ìyẹn náà kò kéré. Ẹgbẹ́ tún wà níbẹ̀: àwọn tó jọ ń sùn nínú ahéré onígi tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí wọ́n ti fún ara wọn ní ìnagijẹ, wọ́n ń di ọmọ ìyá kó tó di oṣù kejì.

Ṣùgbọ́n nínú ẹni mẹ́rin tó bá gbéra láti rìn ín tán, nǹkan bí ẹyọ kan ló ń dé òpin. Ní Neel Gap, tí kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà sí ìbẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọwọ́ títú ẹrù. Wọ́n á da báàgì rẹ sílẹ̀, wọ́n á yọ àáké, ìkòkò kejì àti ṣòkòtò kẹrin, wọ́n á ní kó o fi ránṣẹ́ sílé. Bàtà táwọn arìnrìn-àjò fi sílẹ̀ ni wọ́n so jìngbìnnì sórí igi níbẹ̀.

Ọjọ́ tún ń lé arìntán. Lẹ́yìn October 15, kò sí àyè àtisùn mọ́ ní ọgbà tí Katahdin wà. Èyí ni kì í jẹ́ kó lè jókòó de ojú ọjọ́ tó dáa lórí Òkè Washington tó wà lójú ọ̀nà náà, níbi tí wọ́n ti wọn ìjì tó sáré tó 372 kìlómítà ní wákàtí kan lọ́dún 1934. Ẹni tó ń gé e rìn á kàn padà wá lọ́dún mìíràn. Ti owó ilé ńkọ́? Ta ni yóò máa san án fún oṣù mẹ́fà? Àwọn ará wa tó pọ̀ ní Maryland lè fi ìsinmi ọjọ́ mélòó kan rin apá ti ìpínlẹ̀ wọn já, nítorí kò ju nǹkan bí 65 kìlómítà lọ.

Àwọn tó ń fojú tín-ín-rín àwọn agérìn máa ń gbàgbé pé Benton MacKaye, tó dábàá ọ̀nà yìí lọ́dún 1921, ń ro ti òṣìṣẹ́ ìlú ńlá tó fẹ́ sinmi díẹ̀ lórí òkè. Kì í ṣe oṣù mẹ́fà ló ní lọ́kàn. Ọdún 1948 ni Earl Shaffer tó ti ojú ogun dé ròyìn pé òun rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan, ẹnu sì ya àwọn alábòójútó ọ̀nà náà.

Èmi fara mọ́ ìṣe Màmá Emma Gatewood. Ọmọ 11 ló bí. Lọ́dún 1955, lẹ́ni ọdún 67, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó gbé àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán kọ́ èjìká, ó sì rìn ín tán. Ó tún un ṣe lọ́dún 1957. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gé e rìn, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 1964.

Ẹni tó ní iṣẹ́ àti ọmọ kéékèèké nílé, kó gé e rìn. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tára rẹ̀ ṣì le, kó gbéra ní Georgia. Orúkọ kan náà ni ẹgbẹ́ Appalachian Trail Conservancy tó ń bójú tó ọ̀nà náà ń kọ àwọn méjèèjì sí, wọn kì í sì í ka iye ọdún tí ìrìn náà gbà mọ́ wọn lọ́wọ́.