Ìrírí Ló Ń Gbé Owó Ẹnjiníà Ga

Bí owó òṣìṣẹ́ yòókù ṣe ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú ni ti ẹnjiníà. Òfin ọdún 2024 fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí ₦70,000. Ọ̀ṣun gbé tirẹ̀ dé ₦75,000, Èkó dé ₦85,000. Ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ọkọ̀ Èkó ńkọ́?

Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè yunifásítì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 8, olùdarí wà ní ìpele 17. Ìrírí ọdún pípẹ́ ló wà láàárín wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mọdákẹ́kẹ́, ẹ wá ọ̀gá tí yóò kọ́ yín níṣẹ́ kí ẹ tó wá ìlú olówó. Kí agbanisíṣẹ́ má sì torí pé ìlú kéré rẹ́ àgbà òṣìṣẹ́ jẹ: ẹ̀tọ́ ni owó iṣẹ́, kì í ṣe sàráà.